Ọkọ̀ Òkun Méjì fún Hajia Ojúọlápé

Bí èèyàn bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọdún mẹ́tàlá, tí Ọlọ́run wá fún un ní ohun tó jọ ohun tó tọrọ, bí ìbejì ṣe ń jọra, àmọ́ tí kì í ṣe òun gan-an, ṣé àdúrà náà gbà ni àbí kò gbà? Mo ti bi àwọn tó kéwú jù mí lọ. Wọ́n ní kí n sọ pé alihamudulilai. Mo sọ ọ́. Ìbéèrè náà ò dìde níbi tó jókòó sí.

Ẹni tó kó mi sínú ìbéèrè yìí ni Hajia Ojúọlápé Bákàrè. Kumasi ni wọ́n bí i sí, Kumasi ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, síbẹ̀ bí o bá bi í pé ọmọ ibo ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò fi dá ọ lóhùn kí ẹnu rẹ tó padé. Ìgbà kan ṣoṣo tó tíì gbé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé ìgbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì máa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Ohun tó ní òun rántí jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ àdúgbò ń pe òun ní ará Gánà, wọ́n sì ń rọ́ tẹ̀ lé òun kí wọ́n lè gbọ́ bí òun ṣe ń sọ Yorùbá.

Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ló ń tà ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Kumasi, láàrin àwọn ọkùnrin tí ọ̀rá mọ́tò ti wọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ dé eegun. Kò ka ìwé òyìnbó, àmọ́ kò sí ìwé ẹrù tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Bí kọ̀ńténà bá dé, yóò gba ìwé tó tẹ̀ lé e, yóò fi ìka wọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n kọ iye sí wálẹ̀, yóò ní, “Orúkọ lè purọ́. Iye ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.” Bí ó bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì, yóò ní kí wọ́n tan án, yóò gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, yóò sì di ojú rẹ̀. Bí ó bá la ojú tí kò sọ̀rọ̀, kí ẹni tó gbé e wá yáa máa gbé e lọ.

Yaseer lọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Ọdún kẹtàlá rèé tí Yaseer ti wà ní Kánádà, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Edmonton, níbi tí òtútù ti ń já èèyàn létí. Lẹ́yìn gbogbo ìrun, Hajia a máa tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: “Ọlọ́run, ọjọ́ méje péré. Kí n bá a jókòó, kí n bá a jẹun, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ láì jẹ́ pé inú fóònù ni.” Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi jẹ́ méje. Ó ní òun ò fẹ́ kí Ọlọ́run rò pé òun ń ṣojúkòkòrò.

Kì í ṣe pé wọn ò tíì gbìyànjú. Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú Kánádà àti ti Amẹ́ríkà ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, nígbà tí ìyàwó Yaseer bímọ, tí wọ́n ní kí ìyá wá wo ọmọ. Wọ́n ní ẹ jẹ́ kí òtútù lọ ná. Òtútù lọ, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká kó kúrò nínú ilé kékeré yìí ná. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ kan, oṣù kan lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Fóònù dún nínú ṣọ́ọ̀bù.

“Ìyá mi, ṣé ẹ jókòó?”

“Mo jókòó. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Ọkọ̀ òkun ni! Ẹ máa gun ọkọ̀ òkun lọ sí Alásíkà, níbi tí òkè yìnyín wà. Ọjọ́ méje lórí omi, ọjọ́ mẹ́rin lórí ilẹ̀. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì níbí, ohun tí wọ́n ń fi gbogbo ayé wọn tu owó jọ fún nìyẹn.”

“Ọjọ́ mélòó lo pè é?”

“Méje lórí omi.”

Hajia ò gbọ́ mẹ́rin orí ilẹ̀. Ó gbé fóònù kalẹ̀ láì pa á, ó forí kanlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí ọ̀rá ẹ́ńjìnnì, Yaseer sì ń pariwo “Ẹ lóò, ẹ lóò” nínú fóònù bí ẹni tó já sí kànga. Nígbà tó dìde, iwájú orí rẹ̀ dúdú roboto. Ẹni tó bá rí i á rò pé ìrun ló ti kí tó bẹ́ẹ̀.

Kò bi Yaseer pé ta ni yóò bá òun lọ. Ta ló ń bi ẹni tó pè é wá jẹun pé ṣé ìwọ náà yóò jẹ? Láàrin àwa tí a wà ní Kumasi yìí, a kì í rán àgbàlagbà ní ìrìn àjò bí ẹni fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nígbà tí Hajia lọ sí Mẹ́kà, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló gbé báàgì. Nígbà tó lọ kí àwọn ọlọ́fọ̀ ní Tamale, ẹnì kan jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó bá gbé ìrìn àjò kalẹ̀ fún ìyá rẹ̀, òun náà ni yóò gbé báàgì. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìyẹn sínú ìwé.

Ohun tí Yaseer ní kí ìyá rẹ̀ ṣe kò ju kó mú ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ méjì, kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí ẹ̀dínwó máa parí. Hamdia, ọmọ àbúrò Hajia, tó ń ṣe olùkọ́ ní Santasi, ló gba àwòrán wọn sórí fóònù. Ọkọ̀ kan funfun láti òkè délẹ̀. Ìkejì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú bí aró. Orúkọ òyìnbó wọn gùn, nítorí náà Hajia sọ wọ́n ní Funfun àti Aláró, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára.

Hamdia kà á fún un. Funfun yóò kọ́kọ́ gbé wọn sórí omi, kí wọ́n tó wá fi bọ́ọ̀sì rìn lórí ilẹ̀. Aláró yóò kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú irin tó ní òrùlé gíláàsì gbé wọn la inú igbó àti òkè, kí wọ́n tó já sí omi. Yàrá Funfun ní fèrèsé. Ti Aláró ò ní.

“Kí ni n ó máa wò lójú fèrèsé?” ni Hajia wí. “Omi? Oúnjẹ wọn ńkọ́?”

“Ní Funfun, ibi tó bá wù yín, ìgbà tó bá wù yín, ẹ jẹun. Ní Aláró, tábìlì kan náà ni, àga kan náà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́.”

“Lójoojúmọ́?”

“Ọjọ́ méjèèje. Bí ẹ bá sì tètè kọ̀wé sí wọn, wọ́n á se ẹran halali.”

Láti orí tábìlì yẹn ni ọkàn Hajia ti ṣí lọ sí Aláró. Àmọ́ ní Suame Magazine, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn dá ra nǹkan. Tèslìmù, fítà tó ń tú ẹ́ńjìnnì, tí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Hajia, gbé sípánà kalẹ̀, ó wá.

“Hajia, ẹ́ńjìnnì wọn ńkọ́? Ọdún wo? Ṣé wọ́n ti tú u rí?”

“Tèslìmù, ọkọ̀ òkun ni o, kì í ṣe bọ́ọ̀sì tròtrò.”

“Ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ́. Tí tròtrò bá kú, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Tí tibí bá kú ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Hajia létí. Ó ní kí Hamdia bi Yaseer. Yaseer kọ́kọ́ fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́fà ránṣẹ́. Hajia ní òun ò bi í ní ẹ̀rín, kó sì bi àwọn ọlọ́kọ̀ pé ṣé wọ́n lè tan ẹ́ńjìnnì fún òun gbọ́ lórí fóònù. Ọjọ́ kejì ni èsì dé: wọn ò lè tan án, àmọ́ wọ́n ti tún Funfun ṣe ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, inú àti òde, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Aláró ṣì wà bí wọ́n ṣe kàn án.

“Háà!” ni Tèslìmù wí. “Wọ́n ti tú Funfun. Ó tán.”

Kwabena, ọmọ Asante tó ń kun mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fi Twi dá sí i. Ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe láti ogún ọdún ni òun fi ń sọ̀rọ̀: kò sí ẹni tó ń fi ọ̀dà funfun kun nǹkan tí kò ní ìpẹtà lábẹ́. Ó wá yíjú sí Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́: “Hajia, ẹ mú dúdú. Dúdú ò purọ́. Ẹ wò mí!”

Gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín. Báyìí ni wọ́n ṣe dá Funfun lẹ́bi ní Suame Magazine, láàrin ọkọ̀ tí kò ní táyà àti táyà tí kò ní ọkọ̀, láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ òkun rí.

Èmi ni Hajia kó ìyókù wá bá. Èmi ni mo kọ́ Yaseer ní Kùránì nígbà tó wà ní kékeré, mo sì ń kírun síwájú wọn ní mọ́ṣáláṣí kékeré ẹ̀yìn ilé wa. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé nínú oṣù tí òun ń lọ yẹn, oòrùn ibẹ̀ kì í tètè wọ̀, pé níbi tí ọkọ̀ ojú irin yẹn ń gbà, àfi bíi pé kì í wọ̀ rárá. “Àáfà, ìgbà wo ni n ó kí Màgàríbì?”

Mo ní kí ó máa fi àkókò ìlú tó bá sún mọ́ ibẹ̀ kírun. Inú ìwé ni mo ti rí i, òótọ́ sì ni. Àmọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ọkàn mi ń sọ pé Ẹni tó ní ká wo oòrùn ká tó kírun, Òun náà ló dá ilẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ kì í wọ̀. Mo gbé èrò náà tì. Mo ní kí Hajia ṣe isitihara, kó kí ràkáà méjì, kó ní kí Ọlọ́run bá òun yan èyí tó dára jù nínú méjèèjì, kó sì sùn.

Ó ṣe é. Lówùúrọ̀ ó dé pẹ̀lú ojú tó ń dán. Ó ní òun rí tábìlì kan lórí omi, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀, Yaseer jókòó, ó ń fi ọwọ́ jẹ túwó, ó ní, “Ìyá mi, ẹ fi ẹran yẹn sílẹ̀ fún mi.” Mo ní tábìlì ni, Aláró ló ní tábìlì, Ọlọ́run ti fèsì. Ó yá mi lẹ́nu. Kò sí ẹni tó bi mí pé aṣọ funfun orí rẹ̀ ńkọ́.

Ni ìpalẹ̀mọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Hajia yan kilíṣí, ó se ṣítọ̀, ata dúdú àwọn ará Gánà, tó ta débi tí àwọn aládùúgbò ń sín. Ó ra ike onídèérí, ó di gaàrí sí i. Ó rán jalàbíà méjì fún Yaseer. Kò mọ bó ṣe ga tó mọ́, nítorí náà ó ní kí Tèslìmù dúró kí télọ̀ wọ̀n ọ́n.

“Hajia, ikùn mi ni yóò wọ̀ ọ́ o,” ni Tèslìmù wí.

“Yóò ti ní ikùn. Ó ti ní ìyàwó.”

Ó di ọjọ́rú. Hamdia lọ tẹ ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ méjèèjì jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Anloga Junction, ó gbé e wá sí Magazine kí Hajia fọwọ́ sí èyí tó bá fẹ́. Hajia nu ọwọ́, ó tẹ́ ìwé Aláró sórí ẹ́ńjìnnì kan, ó fi ìka wọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe ń ṣe fún kọ̀ńténà.

“Mọ́kànlá yìí?”

“Ọjọ́ ni, Màmá.”

“Mẹ́fà?”

“Aago oúnjẹ.”

“Ọ̀kan yìí?”

“Yàrá.”

“Ọ̀kan tó tẹ̀ lé e?”

Hamdia wo ìwé. “Èrò.”

“Èrò mélòó?”

“Ọ̀kan, Màmá.”

Ìka Hajia ò kúrò níbẹ̀. “Owó tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Àfikún ni. Ẹni tó bá máa dá sùn nínú yàrá ló ń san án.”

“Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn nítorí pé kò ní ẹnì kejì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́.”

Hajia gbé ìwé Funfun. Ó wọ́ ìka wálẹ̀. Ọ̀kan. Ó yí ẹ̀yìn ìwé wò, bóyá ìyókù wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó ní kí Hamdia pe Yaseer.

“Yaseer, ìwọ dà nínú ìwé yìí?”

“Ìwé wo, ìyá mi?”

“Ìwé ọkọ̀. Mo ka èrò, ẹnì kan ni mo rí.”

“Ẹ̀yin ni, ìyá mi. Ẹ̀bùn yín ni. Wọ́n ní ẹni tó máa mú yín rìn, wọ́n máa ń tọ́jú àwọn àgbà gan-an. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ lọ, ó ń sunkún nígbà tó dé, ó ní òun ò mọ̀ pé ayé dùn tó bẹ́ẹ̀.”

“Ìwọ kò ní lọ?”

“Ibo ni n ó ti rí àyè? Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìsinmi tí wọ́n ń fún mi lọ́dún. Mo ti tà á padà fún wọn. Òun ni mo fi pé owó ọkọ̀ yín.” Ohùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, bíi ti ọmọ tó fi ẹ̀bùn pa mọ́ sẹ́yìn. “Àmọ́ mo máa rí yín! Bí ẹ bá mú Funfun, mo máa wá bá yín sùn mọ́jú kan ní Vancouver kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ó bá jẹ́ Aláró, bàálù yín á dúró wákàtí mẹ́rin níbẹ̀ kó tó gbé yín lọ sí Alásíkà, mo máa wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Èwo lẹ mú?”

Èyí tí Suame Magazine ti dá lẹ́bi nítorí ọ̀dà, òun ló ní òru kan nínú. Èyí tí Ọlọ́run fi hàn lójú oorun, tí èmi sì túmọ̀, wákàtí mẹ́rin ló ní.

Hajia ò dárúkọ ọkọ̀ kankan fún un, ó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Ó gbàdúrà gígùn: pé yóò jèrè ọmọ, pé ohun tó fi lé òun lọ́wọ́ kò ní wọ́n ọn, pé kò ní ta ọjọ́ rẹ̀ fún aburú. Yaseer ń ṣe àmín, àmín. Nígbà tí Hajia pa fóònù, ó jókòó sórí àga onírin rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé méjèèjì mọ́ra wọn, ó ká a títí ó fi kéré bí tírà.

Tèslìmù ké láti ọ̀hún: “Hajia, ṣé ẹ ti mú un?”

“Aláró ni. Wọn ò tíì tú u.”

“Hajia paa!” ni Kwabena fi Twi yìn ín, ó ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kan kí ẹ̀dínwó parí, Hajia dé ilé wa ní Santasi lẹ́yìn Alásárì. Kò gba omi tí mo fi lọ̀ ọ́. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún mi bí mo ṣe rò ó fún yín yìí, kò sunkún.

Mo ní, “Hajia, ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ lọ.”

“Kí n ní mi ò fẹ́ ohun tó ta ọjọ́ ayé rẹ̀ rà? Ó máa rò pé mo ju ẹ̀bùn òun nù. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀, kò ní tún fún ìyá ní nǹkan mọ́.”

“Ẹ ní ẹsẹ̀ ló ń dùn yín.”

“Á fi owó dókítà ránṣẹ́.” Ó gbé ojú sókè. “Àáfà, isitihara yẹn, ṣé ó dá yín lójú?”

Mo ní Ọlọ́run kì í purọ́.

“Mi ò bi yín nípa Ọlọ́run. Ẹ̀yin ni mo ń bi.”

Mo ní bó bá wù ú, kó mú Funfun, ó kéré tán òru kan wà níbẹ̀.

“Òru kan,” ni Hajia wí. “Òun á ti rìnrìn àjò, èmi á ti rìnrìn àjò. Àwa méjèèjì á sùn lọ.” Ó yọ fóònù jáde nínú híjáàbù. “Ní Magazine, ọjà tí èèyàn bá tà tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, a máa ń dá a padà. Bí kò bá san owó náà fún ọlọ́kọ̀ lọ́la, ó lè fi ra ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó tà á fún. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́wàá lè dé Kumasi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní Kùránì, ó máa ń bẹ̀rù ohùn yín dòní. Ẹ sọ fún un pé a ṣe isitihara, kò jáde dáadáa. Pé Ọlọ́run ní kí n má gun omi.”

“Hajia, ó jáde dáadáa. Èmi àti ẹ̀yin la mọ̀. Irọ́ lẹ fẹ́ kí n pa mọ́ Ọlọ́run.”

“Mo mọ̀.” Ó ti ń tẹ nọ́ńbà, kì í wo ojú fóònù bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó na fóònù sí mi, ó ń dún lọ́hùn-ún. “Ẹ bá mi sọ ọ́, Àáfà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo jókòó tì yín.”